Sí Mọ́ríyàmọ̀, Lórí Fíláàṣì Tí Mo Pa Rẹ́

Mọ́ríyàmọ̀ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé nínú yàrá tuntun tí wọ́n fún ọ yẹn. Kí omi má wọ́n ọ, kí iná má dà ọ́ láàmú. Gbogbo wa wà dáadáa nílé. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ti fi wàrà rán ẹnìkan sí ọ, kí o tètè dín in kó tó kan. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Tanke, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bírò ni mo mú lọ́wọ́. Láti bí ọdún mélòó ni mo ti ń tẹ̀wé fún ará ayé, èyí nìkan ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ.

Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àlàmísì pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin yẹn, pé ìwọ ni wọ́n fi yàrá kọ̀ǹpútà wọn lé lọ́wọ́, orí ẹní ni mo wà, mo sì forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. O wá ní ogún kọ̀ǹpútà ló wà níbẹ̀, pé gbogbo wọn ti gbó, pé ètò tó ń gbé wọn ṣiṣẹ́ ti wúwo jù fún wọn, Linux lo sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. O ní o máa ṣe fíláàṣì kan tí kọ̀ǹpútà lè fi jí, èyí tí o máa gbé láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe fíláàṣì yẹn?" Mo ní mo rántí. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ tán ni ara mi ò gbà á mọ́.

Mo rántí, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo pa ohùn bàbá mi rẹ́ lórí fíláàṣì ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìwọ kọ́. O mọ̀, mo sì mọ̀ pé o mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí gbà pé ìwọ ni, èmi ni mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́ ló máa pọ̀ jù nínú lẹ́tà yìí, ìmọ̀ràn á tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló mú mi jókòó kọ ọ́. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Mo mọ ara mi, màá kàn gé e kúrú, màá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá òjò ti ń rọ̀ lọ́hùn-ún.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi ti wá. Bí mo bá ń sọ ohun tí o ti mọ̀, fara dà á. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

O wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà náà. Láptọ́ọ̀pù ṣọ́ọ̀bù ti lọ́ra débi pé bí mo bá tẹ lẹ́tà kan, mo lè mu omi kí ó tó hàn. Fáírọ́ọ̀sì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé wá nínú fíláàṣì wọn ló fà á. O ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi Linux sórí ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo." Mo bi ọ́ pé ohun tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń ṣe é? O rẹ́rìn-ín. O lọ dáńlóòdù fáìlì rẹ̀, o gbé e sórí kọ̀ǹpútà, o fún mi ní fíláàṣì dúdú kan tó ṣófo, o ní kí n dúró dè ọ́ títí o máa fi ti kíláàsì dé.

Èmi, kí n dúró? Èmi tí mo ti ń tẹ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bí ọ? Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Bí o ṣe wọ kẹ̀kẹ́ lọ báyìí, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ mú fáìlì náà, mo kọ́pì í sínú fíláàṣì bí ẹni ń kọ́pì orin. Mo tan láptọ́ọ̀pù, kò mọ̀ pé fíláàṣì kankan wà lára òun. Mo pa á, mo tàn án, mo pa á, mo tàn án. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn fún àwọn ọmọ tí o máa kọ́: kí wọ́n mọ̀ pé gbígbé nǹkan síbì kan yàtọ̀ sí títò ó bó ṣe yẹ. Ètò kan wà tó máa ń tú fáìlì náà, tó máa ń tò ó sórí fíláàṣì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè jí láti orí rẹ̀. Ohun kan náà lo máa rí nínú iṣẹ́ olùkọ́. Èèyàn lè kó gbogbo ohun tó mọ̀ lé ọmọ lórí, kí ọmọ náà má sì lè fi ṣe nǹkan kan. Fara balẹ̀ tò ó fún wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo wá ètò yẹn rí. Ó bi mí pé fíláàṣì wo ni kí òun lò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

O rántí pé méjì ni fíláàṣì dúdú yẹn. Ọjọ́ kan náà ni mo rà wọ́n ní Ọjà-Ọba, wọn ò yàtọ̀ síra. Tafúsírù bàbá mi ló wà nínú ọ̀kan, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù àáwẹ̀ tó ṣe kẹ́yìn kó tó kú. Áfáà ni bàbá mi, gbogbo ọjọ́ àáwẹ̀ ló máa ń jókòó sórí ẹní níwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, táá máa túmọ̀ Kùránì fún èèyàn títí a ó fi ṣínu. Kásẹ́ẹ̀tì tí a fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́dún tí òjò wọ ilé, èyí tí mo ti gbé sórí fíláàṣì nìkan ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa. Mo máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti pa á lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ yẹn kí kọ̀ǹpútà lè yá díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò yọ fíláàṣì náà kúrò. Ètò yẹn ti fúnra rẹ̀ mú èyí tó kọ́kọ́ rí. Ó kọ ọ́ gàdàgbà pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ máa parẹ́, ṣé kí òun máa lọ? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò kà á. Kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà bi mí rí tí mi ò tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó ṣe tán, inú mi dùn, mo ní kí n máa gbọ́ bàbá mi lọ. Kò sí bàbá mi níbẹ̀. Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ́ jẹ kó má yí i lára. Àgbà náà ń yí i lára, tirẹ̀ tún máa ń dé inú irùngbọ̀n.

Nítorí náà, kí o tó bẹ̀rẹ̀, yọ gbogbo fíláàṣì mìíràn kúrò lára ẹ̀rọ. Èyí tí o fẹ́ pa rẹ́, lẹ bébà mọ́ ọn lára, kọ orúkọ sí i. Ka ohun tó bá bi ọ́, kà á sókè bó bá ṣeé ṣe. Bí inú bá ń bí ọ nígbà yẹn, dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, lọ mu omi wá. Inú ló ń bí mi lọ́jọ́ yẹn, pé ọmọ mi ní kí n dúró.

Àṣìṣe nìyẹn, Ọlọ́hun ń forí jin aláṣìṣe. Ohun tí mo ṣe tẹ̀lé e ni kì í ṣe àṣìṣe.

Ìtìjú mú mi. Mo kó iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo dà á sórí fíláàṣì yẹn títí ó fi kún, kó lè dà bíi pé ẹnìkan ló ṣèèṣì lò ó. Lẹ́yìn náà lo sọ fún mi, o ò sì sọ ọ́ bí ẹni ń báni wí, pé bí nǹkan bá parẹ́ lórí fíláàṣì, ó ṣì lè ṣẹ́kù sábẹ́, pé bí èèyàn ò bá kó nǹkan mìíràn lé e, ó ṣeé ṣe kó rí díẹ̀ yọ. Èmi ti kó nǹkan lé e. Ohun tí àṣìṣe mi fi sílẹ̀, ìbòmọ́lẹ̀ mi ló jẹ ẹ́ tán. Bí nǹkan bá parẹ́ lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ìbáà jẹ́ èsì ìdánwò tàbí iṣẹ́ olùkọ́ kan, ká ọwọ́ rẹ kò lójú ẹsẹ̀, kí o sì wá ẹni tí o máa sọ fún.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àáwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájà Ràbíátù, wá sí ṣọ́ọ̀bù. O mọ̀ pé òun ni àkọ́bí bàbá wa, o sì mọ ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Gàníyù, gbé ohùn Bàbá wá sílé, àwọn ọmọ ti ń béèrè." Mo ní, "Kò sí níbẹ̀ mọ́. Mọ́ríyàmọ̀ ló ní kí a fi fíláàṣì ṣe Linux kan sórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù."

Wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Lóòótọ́ ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Lóòótọ́ ni ìwọ lo ní kí a ṣe é. Kò sí ibi tí èèyàn lè tọ́ka sí pé irọ́ nìyí, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Ìwọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti kíláàsì bọ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ. O wò mí. Mo wo bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Mo rò pé o máa sọ̀rọ̀. O kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ má bínú, Àlàájà. Màá wá a."

Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè ọ́ ní Pa-á-rẹ́. Gbogbo ọdún, bí a bá fẹ́ gbọ́ tafúsírù, ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ jìnnà sí Pa-á-rẹ́, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Jẹ́ ká wá sórí ọpẹ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o wá a. Àárín àáwẹ̀, pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ, o rìn gbogbo ojúlé tí wọ́n ti ń ta wáàsí ní Ọjà-Ọba. Ò ń bi wọ́n bóyá wọ́n ní ohùn áfáà wa nínú mẹ́mọ́rì káàdì. O rí ohùn ọjọ́ mọ́kànlá lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Òun ló sọ fún ọ pé àgbẹ̀ kan wà ní Òkè-Òyì, Bàbá Súlè, tó fẹ́ràn bàbá mi bí ẹ̀mí rẹ̀. O gun ọ̀kadà lọ. Bàbá náà gbé agolo mílíìkì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kásẹ́ẹ̀tì ló kún inú rẹ̀.

O dé, o ní, "Bàbá, Bàbá Súlè ní kí n kí yín. Wọ́n ní ẹ lé àwọn lọ́jọ́ kan." Lóòótọ́ ni. Nígbà tí agbára ṣì wà lára mi, èmi ni mo máa ń dúró níwájú ẹní bàbá mi, tí mò ń lé àwọn tó gbé rédíò wá gba ohùn. Mo ní tiwa ni, kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ. Bàbá mi pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Gàníyù, ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi nìkan, ọjọ́ tí mo bá kú ló kú. Fi wọ́n sílẹ̀." Mi ò fi wọ́n sílẹ̀. Bàbá Súlè bọ́ sẹ́yìn fèrèsé, ibẹ̀ ló ti ń gba ohùn. Nígbà tí a gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ohùn tèmi wà nínú ọ̀kan, tí mò ń pariwo pé, "Ẹ gbé rédíò yín kúrò níwájú áfáà!" O rẹ́rìn-ín títí o fi di ikùn mú. Ká ní mo rí bàbá yẹn lé tán ni, kí ni à bá máa gbọ́ lónìí? Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgbọ̀n lo rí gbà padà. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù: bàbá mi ló da omi yẹn, àwa la tẹ̀ ẹ́.

Mo wá lóye ìdí tí Linux fi jẹ́ ọ̀fẹ́, mi ò tún bi ọ́ ní ìbéèrè òmùgọ̀ yẹn mọ́. Nítorí náà, má há fíláàṣì rẹ yẹn mọ́wọ́. Olùkọ́ tó bá ní kí o bá òun fi sórí tòun, bá a fi sí i. Ọmọ tó bá fẹ́ mú ẹ̀dà kan lọ sílé, fún un. Kí ó tó di pé o pa ohunkóhun rẹ́ lórí ogún kọ̀ǹpútà yẹn, béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti lò ó rí, kó gbogbo ohun tó bá jẹ́ tiwọn pamọ́ síbi méjì. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jí láti orí fíláàṣì ná, kí o wò ó bóyá bọ́tìnnì àti ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí o tó gbà á láyè kó wọ inú lọ pátápátá.

Ìmọ̀ràn tó jẹ mí lógún jù rèé. Má fọwọ́ ara rẹ ṣe gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yẹn ṣe fíláàṣì náà fúnra wọn. Ọ̀kan nínú wọn máa pa ohun tí kò yẹ rẹ́, ó dájú bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́ lọ́la. Ọjọ́ yẹn, jẹ́ ẹni tí ọmọ lè wá bá pé, "Àǹtí, èmi ni." Bí o bá pariwo mọ́ ẹni àkọ́kọ́, ẹnì kejì á kó nǹkan mìíràn lé e mọ́lẹ̀ bíi tèmi. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo ṣe é, má wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ tí o máa fi purọ́. Sọ ọ́ lójú wọn, lọ́jọ́ kan náà. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò pé ogún, àmọ́ ó ti wúwo jù fún mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o kò jẹ́ kí n tẹ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúpẹ́ pé o kò sá fún kọ̀ǹpútà nítorí rẹ̀, tí o fi dé ibi tí o dé yìí. Mo dúpẹ́ pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, o kò fi ojú burúkú wò mí rí, ìkíni rẹ kò yí padà ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún Ọlọ́hun tó fi fún mi ní irú rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọpẹ́ bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Oore tí o ṣe yẹn, kò yẹ kí bàbá gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Ní Jímọ̀ àná, lẹ́yìn ìrun, mo pe gbogbo wọn jọ sílé. Àlàájà wà níbẹ̀, àwọn àbúrò mi wà níbẹ̀, àwọn tó ń fi orúkọ yẹn pè ọ́ náà wà níbẹ̀. Mo dìde dúró. Mo ní, "Àlàájà, ẹ̀yin ẹbí mi, èmi ni mo pa ohùn Bàbá rẹ́. Mọ́ríyàmọ̀ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn. Mo gbé e lé e lórí nítorí ojú ń tì mí." Ìyá rẹ bojú.

Àlàájà bi mí pé, "Ọmọ náà mọ̀?"

Mo ní, "Ó mọ̀ láti ọjọ́ kìíní."

Ó ń fi ọwọ́ yí tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé pé ọmọ tó ń bo àṣírí rẹ ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án?" Ó wá sunkún. Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, mi ò tíì rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà, pé òun bẹ̀ ọ́, àgbà ò ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Mo ti kọ ọ́. Èmi náà bẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Dárí jì mí.

Èmi bàbá rẹ,
Gàníyù